Èèpo Ọsàn Tí Kì í Parọ́

Bí àríyànjiyàn bá gbóná ní Ìdí-Ìyeyè, ẹnìkan á ní, "Èèpo ọsàn kì í parọ́," iyàn á sì parí. Àlejò á máa ṣe kàyéfì: èèpo tí a ń jù sáàtàn, ìgbà wo ló di ẹlẹ́rìí? Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́.

Ṣíjúadé, ọmọ ilé ìwé girama, fẹ́ràn ìwé, àfi ìṣirò. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀: "Bí o bá tún fìdí rẹmi, ọ̀dọ̀ Ìyá Àlàkẹ́ aránṣọ lo ń lọ kọ́ṣẹ́." Bẹ́ẹ̀, dókítà ni ọmọ náà fẹ́ dà.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà Akínlàjà ní, "Bí ẹ bá la bọ́ọ̀lù sí méjì, ìlọ́po mẹ́rin ojú róbótó ibi tí ẹ là ni ara rẹ̀ lódindi fẹ̀ tó."

Ṣíjúadé nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́ta?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìbéèrè náà dùn mọ́ Tíṣà nínú ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó kó ọsàn dé, ó la ọ̀kan, ó fi ojú ibi tó là ya àmì róbótó mẹ́rin sórí páálí. "Ẹ bó èyí tó bá a dọ́gba, kí ẹ tẹ́ èèpo rẹ̀ sínú àmì wọ̀nyí."

Ládiméjì alásọjù, ọmọ kíláàsì wọn, fi èékánná ya èèpo tirẹ̀. Èèpo nípọn, ó ká kò, kò tẹ́. Àmì mẹ́rin kún, èèpo ṣì kù. "Márùn-ún ni! Sà, irọ́ ni ìwé yín ń pa!"

Ọsàn bíbó ni ìyá Ṣíjúadé ń tà, ojú sì máa ń ti ọmọ náà láti sọ ọ́ nílé ìwé. Lọ́jọ́ yìí, Ṣíjúadé gba ọ̀bẹ, ó bó ọsàn bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é. Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń bọ́ ní okùn kan ṣoṣo, kò já. Ó ká a sínú àmì àkọ́kọ́, ó kún. Èkejì kún. Ẹ̀kẹta! Gbogbo wọn ti dìde lórí àga. Bí ẹ̀kẹrin ti kún, bẹ́ẹ̀ ni èèpo tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mẹ́rin o!" Kíláàsì hó yèè. Ládiméjì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Inú Ṣíjúadé dùn títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìbéèrè náà jáde nínú ìdánwò, Ṣíjúadé sì mú máàkì ọgọ́rin délé. Bàbá ní ó jí ìwé wò ni. Ṣíjúadé la ọsàn kan, ó fi ojú ibi tó là ya àmì mẹ́rin. Ó bó èkejì, ó tẹ́ èèpo rẹ̀ sínú wọn níwájú bàbá. Bàbá ka àmì tó kún, ó tún un kà: mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá aránṣọ. "Ìyá Àlàkẹ́, ẹ má retí ọmọ mi mọ́."

"Háà, Bàbá Ṣíjú! Ta ló yí yín lọ́kàn padà?"

"Èèpo ọsàn ni. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọmọ mi. Èèpo ọsàn kì í parọ́."