Omi Ibojì Alága

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fọ ibojì alága ìlú wọn. Ogún ọdún gbáko ni alága yìí fi ṣèlérí kànga fún wọn. Bí ìbò bá ti ń bọ̀, ẹ̀jẹ́ tuntun. Omi odò tí màlúù ń wọ̀ ni wọ́n ń mu títí alága fi kú.

Bó ṣe kú tán, wọ́n gbàgbé ìlérí asán rẹ̀. Àbí o ò rí nǹkan! Wọ́n sọ ọ́ di Bàbá. Wọ́n fi òkúta dídán ṣe ibojì rẹ̀, wọ́n wá gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí eruku má baà bo Bàbá. Omi kànga náà mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èèwọ̀ ni, omi òkú ni, ẹnu alààyè kò gbọdọ̀ kàn án. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Lọ́dún tí àrùn onígbáméjì jà, ó mú Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìyàwó rẹ̀ gbé ike wá sẹ́nu kànga, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

‘Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ ṣàánú mi. Ife kan péré. Omi odò yẹn ló ń pa ọmọ wa.’

‘Ṣé o fẹ́ kí Bàbá bínú sí wa ni? Dìde níbẹ̀.’

Ó ti kànga pa, ó sì ń fọ ibojì Bàbá lọ.

Ọjọ́ kejì ni ọmọ náà kú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ òkú rẹ̀, àwọn àgbà ní kí bàbá rẹ̀ lọ pọnmi ní kànga Bàbá. Wọ́n ní kì í ṣe èèwọ̀ mọ́, òkú ló ni omi náà, ọmọ náà sì ti di òkú. Garawa méjì ló pọn. Omi tó fi du ọmọ rẹ̀ láàyè ló ń dà sí i lára. Ibẹ̀ ló ti figbe ta. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Láoyè, ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyí. O kó ìgbìmọ̀ jọ, ẹ fẹ́ gbé ère olóṣèlú wa tó di olóògbé sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ́ parí, ẹ ní ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà. Mi ò ní kí o bú òkú. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ. Tí ọmọ bá ń mú un, ta lo fẹ́ gbé e lọ bá? Ère?