Ewé Tí Mọrónkéjì Ń Kó Dànù

Opó ni Mọrónkéjì. Oko ìrẹsì àbàtà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dún kan, ewé ìrẹsì náà pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ó wá ajílẹ̀ káàkiri ìlú, àwọn tó ń tà á ti tà tán. Ó padà sóko tòun ti ẹkún, ó ń kó àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó bo ojú omi dànù.

Táíyélolú, olùwádìí kan tó ń ṣa irú ewé bẹ́ẹ̀ kiri àbàtà, sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù! Ọ̀mu inú omi ni. Ó ń fa oúnjẹ tí ìrẹsì ń jẹ láti inú afẹ́fẹ́. Tí a bá rì í mọ́ ẹrẹ̀, tó jẹrà, ajílẹ̀ ni."

Mọrónkéjì wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọmọ mi, ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò mi ló wà!"

Wọ́n jọ rì í mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ìrẹsì náà tutù yọ̀yọ̀. Nígbà ìkórè, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí bàbá wọn ti kú, àwọn ọmọ Mọrónkéjì jẹun yó, oúnjẹ sì ṣẹ́kù sínú ìkòkò.