Màlúù Nínú Àgbàdo Ilé-Ìwé

Ọkùnrin kan wà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú rere, tí a sì ń bá ẹ̀yà mìíràn gbé. Ó mọ̀ ọ́n kọ́! Bó bá bi wọ́n ní ìbéèrè, gbogbo kíláàsì á dáhùn geere. Òun náà á wá máa yan bí àkùkọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí i pé màlúù ti jẹ àgbàdo oko ilé-ìwé. Ọmọbìnrin Fúlàní kan ṣoṣo ló wà ní kíláàsì náà, ni gbogbo ojú bá yí sí i. Olórí kíláàsì pariwo pé, "Ẹ lé e lọ, sà! Kó padà sí gáà wọn!" Àwọn yòókù gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì.

Olùkọ́ gbójú sókè wo pátákó. Ohun tó kọ síbẹ̀ lánàá kò tíì parẹ́: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ojú tì í gan-an. Ó ní, "Ọmọ mi, gbé báàgì yẹn kalẹ̀. Ìwọ ni kó o ṣáájú wa. Gbogbo wa ń lọ sí gáà."

Bàbá arúgbó kan gbà wọ́n lálejò níbẹ̀. Ó sọ èdè rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì ń túmọ̀: "Wọ́n ní ẹ má bínú, ohun tó ṣe àgbàdo yín dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni màlúù ń gbà lọ mu omi kí ẹ tó dá oko. Wọ́n ní ibo ni kí màlúù máa gbà báyìí?"

Wọ́n padà lọ wo oko. Háà! Ebè wọn ló dí ọ̀nà odò pa! Nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ìbá ṣe pé o wà níbẹ̀, inú rẹ ì bá dùn! Olórí kíláàsì tó pariwo jù ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́, ó tú ebè ká, ọ̀nà là. Àwọn darandaran gé igi wá, wọ́n bá wọn ṣe ọgbà yí èyí tó kù ká, wọ́n tún ru ìgbẹ́ màlúù wá fún ilẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn wà láàárín, gbogbo wọn ló ń pè é kó wá bá àwọn túmọ̀.

Ìwọ olùkọ́ tí ò ń gbọ́ mi, o ní gbogbo ọmọ rẹ ló yege. O ṣeun. Ìjà tó wà láàárín wọn lónìí ńkọ́? Dìde, kó wọn jáde lọ síbi tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀! Ọmọ tó ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì kò lè dúró de ìdánwò tó ń bọ̀.