Àwọn Ọmọ Òkété Bá Ọ̀ká Tún Ìtàn Rẹ̀ Ṣe

Àlọ́ mi ń kanlẹ̀kùn o!
Ẹ jẹ́ ó wọlé!
Ọ̀dọ̀ Ìyá Òkété àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló ti ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Òkété sọ fáwọn ọmọ rẹ̀ pé: "Èmi àti Ìyá Ẹmọ́ ń lọ ṣa ẹyìn lábẹ́ ọ̀pẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mo rán òun, ẹ bi í ta ni mo bá lọ, níbo, kí ni mo lọ ṣe. Ẹ fi ìtàn rẹ̀ wé tèmi. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ má ṣí ihò o."

Kò pẹ́ tí Ọ̀ká, ejò olóró nì, fi dé. "Ìyá yín ní kí n mú yín wá sódò."

Àwọn ọmọ fi í rẹ́rìn-ín. "Òpùrọ́! Abẹ́ ọ̀pẹ ni Màmá wa lọ!"

Ọ̀ká lọ, ó tún padà. "Ìyá yín àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sinmi lábẹ́ ọ̀pẹ."

"Irọ́ ńlá! Òun àti Ìyá Ẹmọ́ ni, ẹyìn ni wọ́n ń ṣà!"

Lẹ́ẹ̀kẹta, orin ló kọ. Ẹ gbè é:

Ìyá yín wà lábẹ́ ọ̀pẹ,
Ẹ ṣí i!
Òun pẹ̀lú Ìyá Ẹmọ́,
Ẹ ṣí i!
Ẹyìn ni wọ́n ń ṣà,
Ẹ ṣí i!

Ẹ̀yin náà ẹ fi ìtàn méjèèjì wéra. Ṣé wọ́n yàtọ̀? Wọn ò yàtọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ hú erùpẹ̀ ẹnu ihò kúrò, Ọ̀ká sì wọlé. Nígbà tí ìyá wọn dé, kò bá ẹnì kankan.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi dákẹ́ sí. Bí ìtàn àlejò bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ má bá a tún un ṣe. Ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín nílé bí mo bá dé.