Gbérùmí, Ìlú Tí Oníyọ̀ Kan Ti Gbé Ẹrù Ru Èkejì

Ẹ̀yin ọmọ Gbérùmí, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ kó ọjà lọ sí ìdálẹ̀, ẹ jókòó kí n sọ ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí ìyá ọkọ mi sọ fún mi nígbà tí mo wọ ilé yìí ni mo kọ sílẹ̀, bí ìyá ọkọ tirẹ̀ náà ti sọ ọ́ fún un. N kò mọ̀wé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun nínú ìlú kan tí kò bèèrè ẹni tó ṣán igbó rẹ̀, aláìmoore ni.

Ọmọọba ni Adéyẹrí tó tẹ ìlú yìí dó. Orí-tí-adé-kọ̀-tí-ẹrù-gbà ni à ń kì í, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà, àbúrò rẹ̀ ni àwọn afọbajẹ gbé adé fún. Adéyẹrí kò bá wọn jà. Ó mú Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ àti àwọn èèyàn díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, níbi ojúbọ Ajé, láti bèèrè ibi tí òun yóò máa gbé. Ìyá arúgbó tó ń tọ́jú ojúbọ náà wò ó títí, ó ní:

“Adéyẹrí, adé kò sí lọ́nà rẹ. Ẹrù ló wà níbẹ̀. Ra iyọ̀, kí o sì rù ú fúnra rẹ. Ibi tí ẹni tó ń ta ohun tí ò ń tà bá ti gbé e rù ọ́, tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, ibẹ̀ ni ilé rẹ.”

Ọkùnrin tí kò gbé ohun kan lórí rí ju fìlà lọ ni wọ́n sọ èyí fún. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ra iyọ̀, ó fi ewé gbòdògì wé e, ó ṣe òṣùká, ó rù ú. Àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò fi ṣeré, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò tẹ̀lé ọmọọba tó ń ru iyọ̀ kiri? Ó ku òun àti Ìbídùn, Ìbídùn sì ti lóyún.

Ní ẹsẹ̀ òkè kan, ọkùnrin tó ń ta igi ìdáná bá a gbé ẹrù rẹ̀ rù ú. Inú Adéyẹrí dùn, ó ní àwọn ti délé. Ìbídùn ní, “Igi lẹni yìí ń tà o, ọmọọba, kì í ṣe iyọ̀.” Ó dá a lóhùn pé ọjà ni gbogbo rẹ̀. Ó kọ́ ahéré síbẹ̀. Oṣù kò tíì yí tí onígi fi kó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó ní òun lòun gbé ẹrù rù ú, nítorí náà ìwọ̀fà òun ni. Wọ́n gba ahéré, wọ́n gba ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n lé wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ mọ́ títí dòní. Ìkánjú ni à ń pè é.

Ẹ gbọ́ bí àwọn oníyọ̀ ti rí láyé ìgbà náà. Wọn kì í kí ara wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọjà òkè ló ń tà á wọ́n, ẹni tó bá kẹ́yìn á jẹ ìyókù. Bí ọ̀kan bá ṣubú lọ́nà, èrè ni fún èkejì. Olúkúlùkù ń dá rìn, àwọn oníbodè ìlú mẹ́ta tó wà lójú ọ̀nà sì ń bù nínú ẹrù wọn bó ti wù wọ́n, nítorí ẹnì kan ṣoṣo kì í bá ibodè jiyàn.

Etí àbàtà tó wà nísàlẹ̀ ìlú wa yìí ni ẹsẹ̀ Adéyẹrí ti yọ̀. Ẹrù já lulẹ̀. Òjò ṣú, ó ti ń kán. Ẹrù náà wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé karí, Ìbídùn kò sì lè gbé e, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù tí yóò bí. Iyọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé. Bí ó bá yọ́, etí ọ̀nà ni Ìbídùn yóò bímọ sí, alágbe ni wọn yóò sì dà.

Oníyọ̀ kan kọ́kọ́ kọjá. Ó bèèrè bóyá iyọ̀ ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó sì fi kún ìrìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Àwẹ̀ró dé. Obìnrin líle ni. Wọ́n ní bí ìyá tó bí i bá wà níwájú rẹ̀ lọ́nà ọjà, yóò yà á sílẹ̀. Ó dúró, ẹrù rẹ̀ lórí.

“Ṣé ìwọ ni ọmọọba tí wọ́n ní ó ń ba ọjà iyọ̀ jẹ́ yẹn?”

“Èmi ni, ìyá.”

“O ò mọ ẹrù dì. Wo bí o ṣe dì í bí ìgbà tí wọ́n di òkú.”

Ó wo ikùn Ìbídùn. Ó kúnlẹ̀, ó rọra sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀ sínú òjò. Ó ní kì í ṣe torí ọmọọba o, torí ẹni tó ń bọ̀ ni. Ó gbé iyọ̀ Adéyẹrí rù ú, ó ní kó máa lọ.

Adéyẹrí ti gbé ẹsẹ̀ nígbà tí Ìbídùn sọ̀rọ̀. “Ta ni yóò wá gbé ti ìyá?”

Ẹni tó bá ti ru ẹrù rí mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé ti ẹlòmíì. Bí ó bá sọ tirẹ̀ kalẹ̀, Àwẹ̀ró ni yóò tún gbé e rù ú, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe títí iyọ̀ méjèèjì yóò fi di omi. Ó lè máa lọ. Ó ti rí àmì tí wọ́n sọ fún un, ó sì lè ṣáájú obìnrin náà dé ọjà. Kò lọ. Ó rí igi ayùnrẹ́ kan tí pàlàkà rẹ̀ kò ga ju orí èèyàn lọ. Ó fẹ̀yìn rìn lọ sábẹ́ rẹ̀, ó fi ẹrù rẹ̀ há pàlàkà náà, ó bọ́ orí kúrò, ó sáré gbé ti Àwẹ̀ró rù ú, ó sì padà lọ ki orí bọ abẹ́ tirẹ̀. Wọ́n fi Ìbídùn sáàárín, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sọdá àbàtà.

Òdìkejì rẹ̀ ni ọmọ ti mú Ìbídùn. Àwẹ̀ró ló gbẹ̀bí rẹ̀. Àwẹ̀ró sì pàdánù ọjà ọjọ́ yẹn nítorí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ pe ọmọ náà ní Abíọ́nà. Ìbídùn kọ̀ jálẹ̀, ó ní ilé lòun bímọ sí. Ilésanmí ni wọ́n sọ ọ́, òun ló sì jọba tẹ̀lé bàbá rẹ̀.

Adéyẹrí kọ́lé sí etí àbàtà náà. Àwẹ̀ró sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn oníyọ̀ yòókù. Wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n iyọ̀ ta ni òjò kì í yọ́? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ara wọn lábẹ́ igi yẹn. Ẹni tó ń ta òrí náà bá wọn dúró, olóbì náà bá wọn dúró. Nígbà tí wọ́n pọ̀, wọ́n fi Adéyẹrí jọba. Ó fẹ́ dá ibodè sílẹ̀, ó ní ọba kan kì í ṣàìgba owó ibodè. Àwẹ̀ró ní:

“Kábíyèsí, bí ẹ bá dá ibodè sílẹ̀, a mọ ọ̀nà mìíràn. Bí ẹ bá jẹ́ ká kọjá, a ó da òkúta sí àbàtà yìí títí ẹsẹ̀ kankan kò fi ní yọ̀ níbẹ̀ mọ́.”

Ọba gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò tí à ń pè ní Pàràkòyí ṣe bẹ̀rẹ̀, Àwẹ̀ró sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n da òkúta sí àbàtà. Gbogbo wọn jùmọ̀ lọ bá oníbodè ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn sì dín owó ibodè kù. Wọ́n sọ òṣùwọ̀n di ọ̀kan, kí àlejò má baà fòyà. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọlọ́jà, kì í ṣe ààfin. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ rí i pé ẹrù ń kọjá, ó wá. Aláró wá, amọ̀kòkò wá. Ilé kan ṣoṣo di àdúgbò, àdúgbò di ìlú.

Gbérùmí, ọmọ igi pàlàkà tí í gba ẹrù lọ́wọ́ àjò.
Ọmọ òjò ń rọ̀, iyọ̀ kò yọ́.
Ọmọ ọlọ́jà tí kì í fi ọlọ́jà sílẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà.

Títí dòní, ọba tuntun kò gbọdọ̀ dé adé kí ó tó gbé ẹrù ru oníyọ̀ kan lábẹ́ ayùnrẹ́. Bí ọkọ obìnrin ọlọ́jà bá sì kú, tí ó ti ṣe opó tán, ẹni tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà ni Pàràkòyí ń rán láti gbé ẹrù àkọ́kọ́ rù ú. Wọn kì í rán ọ̀rẹ́, wọn kì í rán ìbátan.

Nígbà tí ọkọ mi kú, tí ó kàn mí, Ṣadé oníyọ̀ ni wọ́n rán. Èmi àti Ṣadé kì í kí ara wa, a ti bú ara wa dé orí ìran. Ó wá láàárọ̀, ó ní òṣùká mi kò dáa, ó tún un ṣe, ó gbé ẹrù rù mí. Ó kọjá lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó, iye rẹ̀ kéré sí tèmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Adéyẹrí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, mo sì la ohùn mi sókè, mo polówó tèmi.