Ẹrù Àwẹ̀ró ní Ẹnubodè

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sí àjà, kò bà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí Àdàbà, ìyá Àwẹ̀ró, ló bà lé, àti orí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń ṣọ́ ẹnubodè.

Ní ìgbà kan rí, Àdàbà kan wà tó bí ọmọ kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró. Nígbà tí Àwẹ̀ró hùyẹ́ tán, ó ní òun ń lọ sí òkè òkun. Ìyá rẹ̀ kò dá a dúró. Ṣé ẹyẹ ni a ó ní kó má fò? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, Àdàbà a lọ bà sórí ẹ̀ka iyeyè tó kọjú sí òkun, a máa wò ó. Bí aládùúgbò bá kí i, a dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́ọ̀ọ́kán. Ọdún méje ló fi wò ó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún keje, Lékèélékèé ti ìrìn àjò dé. Ó ní, "Ìyá, Àwẹ̀ró ní kí n kí yín. Ó di ẹrù kan fún yín."

"Ẹrù ọ̀hún dà?"

"Ó wà ní ẹnubodè. Oníbodè ní ẹni tó ni ín ni yóò wá san owó ibodè."

Ọba Erin ló ṣòfin ibodè. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń san án nígbà náà. Ẹni tó bá kó ọjà tí yóò tà wọlé, yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ìlú, kí wọ́n fi tún ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí òbí, ẹ̀kúnwọ́ bàbà kan ti tó. Òfin náà kò burú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ oníbodè ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ apá kejì rẹ̀.

Ó ní kí Àdàbà mú apẹ̀rẹ̀ bàbà kan wá. Àdàbà mú un wá. Ó ní ti ẹrù nìyẹn, ó ku ti okùn tí wọ́n fi dì í. Àdàbà tún mú apẹ̀rẹ̀ mìíràn wá. Ó ní ẹrù náà ti pẹ́ lábẹ́ ibòòji, yóò san ti ibòòji. Báyìí ni àká Àdàbà ṣe gbẹ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá ní kí ó fa ìhùùhù àyà rẹ̀ fún òun, kí òun fi tẹ́ ibùsùn. Àdàbà fà á tán nínú ọyẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní kò tíì tó.

Àdàbà bẹ̀ ẹ́. "Oníbodè, ẹ jẹ́ kí n kàn gbóòórùn rẹ̀."

"Ìyá, ẹrù tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀ tán kì í ní òórùn."

Àdàbà jókòó sí ìta ibodè, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró o, ọmọ mi.
*Ọyẹ́ ń fẹ́.*
Òkun jìn, ìyẹ́ mi ti gbó.
*Ọyẹ́ ń fẹ́.*
Ẹrù rẹ dé, ọwọ́ mi ò tó o.
*Ọyẹ́ ń fẹ́.*

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbọ́ nínú ilé. Ó rò ó pé ohun tí ìyá lè torí rẹ̀ fa ìhùùhù àyà rẹ̀ tán, ohun ọlà ni. Òfin sì ní bí ẹrù bá pé ọjà mẹ́ta tí olówó rẹ̀ kò wá, oníbodè lè gbà á níwájú ọba. Nígbà tí ọjà mẹ́ta pé, ó gbé ẹrù lọ sí ààfin. Ó búra níwájú gbogbo ẹranko pé ẹnikẹ́ni kò wá béèrè rẹ̀ rí.

Ọba Erin wò ó títí. "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kẹ̀yìn sí mi."

Ó kẹ̀yìn. Ìhùùhù ẹyẹ lẹ̀ mọ́ ọn láti ẹ̀yìn dé ìrù. Ọba wo àwùjọ yíká, ó rí Àdàbà lẹ́yìn pátápátá tó fi apá bo àyà. Ó ní kí ó sọ apá kalẹ̀. Gbogbo ẹranko rí i pé ìhòòhò ni àyà rẹ̀ wà.

Ọjọ́ náà ni wọ́n gba ibodè lọ́wọ́ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Wọ́n tú àká rẹ̀, oníkálukú gba tirẹ̀ padà, wọ́n sì lé e wọ inú ihò.

Wọ́n tú ẹrù fún Àdàbà. Èso òkè òkun ni, gbogbo rẹ̀ ti rà. Àdàbà ń yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ ló ti bá ìyẹ́ kékeré kan nínú ewé. Kì í ṣe ìyẹ́ Àwẹ̀ró.

Lékèélékèé ní, "Ti ọmọ-ọmọ yín ni. Èso yẹn ló kọ́kọ́ jẹ láyé. Àwẹ̀ró ní kí ẹ̀yin náà tọ́ ọ wò."

Àdàbà gbé ìyẹ́ náà dání. Ó wá bi Lékèélékèé pé:

"Báwo ló ṣe ń rí lẹ́nu?"

"Ìyá, tata ni èmi ń jẹ. N kò tọ́ ọ wò."

Ìdí àlọ́ mi rèé: owó ibodè tó bá òfin mu, ìlú ló ni ín, ẹ san án. Ẹni tó bá dúró láàárín ìyá àtọmọ, tó ń fi ibẹ̀ jẹun, oúnjẹ náà yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára, gbogbo ayé yóò rí i. A sì lè dá apẹ̀rẹ̀ bàbà padà fún olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti rà lẹ́nu ọ̀nà, ọba pàápàá kò lè dá a padà.

Ibi tí àlọ́ mi bà sí nìyí, ó ti pa ìyẹ́ pọ̀.