Ìbéèrè Láníyọnu

Wọ́n máa ń sọ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọ̀rọ̀ náà korò létí ọmọ tó fẹ́ràn baba rẹ̀. Ta ni yóò sin baba tán tí kò ní í fẹ́ mọ ohun tó pa á? Kí ló sì kan idà nínú ọ̀rọ̀ òkú? Ìlú Ìgbọ̀nrìn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, lórí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Láníyọnu.

Nígbà náà, ọba Ìgbọ̀nrìn ti wàjà, wọn kò sì tíì fi òmíràn jẹ. Ìjòyè méje ní ń tọ́jú ìlú, Balógun Kúforíjì sì ni olórí wọn. Ìjòyè méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù kò gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyin ojú. Òun ló lé àwọn ọmọ ogun tó dí ọ̀nà oko mọ́ wọn. Nígbà tí ọ̀dá dá, òun náà ló ṣí àká rẹ̀ sílẹ̀ tí tọmọdé tàgbà fi rí àgbàdo jẹ.

Inú ogun yẹn ni Ọ̀tún Ọláòṣebìkan, baba Láníyọnu, kú sí. Balógun ní ọfà ọ̀tá ló bá a. Ṣùgbọ́n Láníyọnu ló wẹ òkú náà, ó sì rí i pé ẹ̀yìn ni ọfà gbà wọlé, níhà ibi tí àwọn ọmọ ogun Balógun dúró sí. Ó pa ẹnu mọ́. Wọ́n fi í jẹ Ọ̀tún dípò baba rẹ̀, àwọn ìjòyè mẹ́ta tí inú wọn kò dùn sí Balógun sì fi í ṣe aṣáájú.

Ọdẹ́kúnlé, tó ń gbé apata fún Ọ̀tún àgbà, nìkan ló wà nítòsí nígbà tó ṣubú. Ó wá bá Láníyọnu lóko lọ́jọ́ kan.

“Ọ̀tún, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí nísinsìnyí. Àárín ìlú ni aya àti ọmọ mi ń gbé.”

Láníyọnu gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀.

“Ìyá mi, àwa mẹ́rin ni, àwọn mẹ́ta. Àṣà ní bí ìjòyè mẹ́rin bá kọ olórí, ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Kí ni mo tún ń dúró dè?”

Àwẹ̀ró ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kò gbójú sókè. “Àṣà kan náà ló ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan tún ìjòyè rẹ̀ yàn bí wọ́n bá kọ olórí. Ta ni wọ́n máa yàn lónìí, tí àgbàdo Balógun ṣì wà níkùn wọn?”

“Ṣé kí n máa bá apànìyàn jókòó ni?”

“Máa bá a jókòó. Ọkọ mi ni wọ́n pa, mo sì ń kí i bó bá ń kọjá. Ó ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi iṣẹ́ odi tó ń mọ yí ìlú ká. Jẹ́ kó sú ará ìlú.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Láníyọnu létí, kò wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Bí Balógun bá rẹ́rìn-ín nígbìmọ̀, ńṣe ló ń rí ẹ̀yìn baba rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọdún iṣu, gbogbo ìlú péjọ sójúde ààfin láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Balógun. Láníyọnu dìde.

“Balógun, ọwọ́ ta ni ọfà tó wọ baba mi lẹ́yìn ti wá? Àwa ìjòyè mẹ́rin kọ̀ yín lólórí.”

Balógun kò bínú.

“Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ ti gbọ́. Mo sọ̀kalẹ̀. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan lọ tún ìjòyè rẹ̀ yàn. Ṣùgbọ́n Ọ̀tún, ta ni ẹlẹ́rìí yín?”

Láníyọnu wo Ọdẹ́kúnlé. Gbogbo ojú bá a yí síbẹ̀. Ọdẹ́kúnlé wo aya rẹ̀ tó pọn ọmọ dúró láàárín èrò.

“Èmi ò rí nǹkan kan,” ló wí.

Kí iṣu tuntun tó tán lábà, àwọn ìjòyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdánù oyè wọn. Omijé wà lójú àwọn àgbà agboolé Láníyọnu nígbà tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọmọ wa ni ọ́,” ni wọ́n wí, “ṣùgbọ́n a ò lè bá gbogbo ìlú jà.” Wọ́n dá Balógun padà sípò olórí, ìgbìmọ̀ sì di tirẹ̀ pátápátá. Wọ́n rán Ọdẹ́kúnlé lọ ṣọ́ ẹnu ààlà, ibẹ̀ ni ibà pa á sí. Láníyọnu kó lọ sí abúlé Àgọ́-Ọ̀pẹ.

Ọdún gorí ọdún, iṣẹ́ odi kò parí. Oko di igbó, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn àgbà méjì wá bá Láníyọnu láti agboolé rẹ̀.

“Ojú ìlú ti là. Wọ́n ti ṣe tán láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ. Wá bi Balógun.”

“Kí ni n ó fi bi í?” ni Láníyọnu dáhùn. “Ẹni tó rí i ti kú. N kò lóyè, àwọn tí à bá jọ bi í kò lóyè. Mo rò pé ìjòyè mẹ́rin tó èèkù idà. Ìlú ni èèkù, ẹ̀yin àgbà. Ojú idà ni mo fọwọ́ mú.”

Àwọn àgbà náà dìde, wọ́n padà sí Ìgbọ̀nrìn. Orí oyè ni Balógun Kúforíjì dàgbà kú sí, wọ́n sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò lè sọ ní Ìgbọ̀nrìn ẹni tó ta ọfà náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọ tí inú ń bí, tí ẹ̀tọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.